Charleston àti Savannah: kí ló dé tí èrò ọ̀kan fi yára pọ̀ ju ti èkejì lọ?

Ní Amẹ́ríkà, Charleston ní South Carolina àti Savannah ní Georgia kò jìnnà síra. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ láyé (1670 àti 1733), èbúté wà níbẹ̀, ilé àtijọ́ pọ̀, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì ń rọ́ wá. Síbẹ̀, eré wọn ò dọ́gba rárá. Ní 2000, èèyàn 131,510 ló wà ní Savannah, 96,650 ní Charleston. Nígbà tó fi di 2020, Charleston ti di 150,227. Savannah ò kọjá 147,780.

Àwọn kan á ní ẹwà ló fà á. Irọ́ ni o. Gbàgede 22 ló ṣì wà láàárín ìlú Savannah, igi ńláńlá ṣíji bò wọ́n. Ta ló fẹ́ fi ẹwà bá a díje?

Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ wà níbẹ̀. Charleston gba Daniel Island, erékùṣù kan nítòsí rẹ̀, mọ́ra, ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀, ará Charleston ni. Ní ti Savannah, Pooler, ìlú kan nítòsí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ń kó lọ, Pooler sì ní olórí ìlú tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ààlà nìkan kọ́. Bí a bá ka gbogbo agbègbè tó yí wọn ká, Charleston ní 799,636 ní 2020, Savannah 404,798. Iṣẹ́ ló kù. Ibùdó ọmọ ogun ojú omi ti Charleston kógbá wọlé ní 1996, àmọ́ Boeing ṣí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sí North Charleston ní 2011. Ní Georgia, Atlanta ló ń fa ilé iṣẹ́ ńlá mọ́ra. Hyundai ti ń ṣe mọ́tò nítòsí Savannah láti 2024, àmọ́ Bryan County ló wà, kì í ṣe inú ìlú.