Àgbọn Dípò Ẹṣin, Tàbí Ìtàn Bàbá Àgbà?

Fíìmù méjì tó ń fi ìtàn ọba, idà àti idán ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo fẹ́ gbé síra wọn: Monty Python and the Holy Grail (1975) àti The Princess Bride (1987).

Ti àkọ́kọ́ ló ya wèrè jù. Owó ẹṣin ò sí, ni ìránṣẹ́ ọba bá ń gbá èèpo àgbọn mọ́ra wọn kó lè dún bíi pátákò ẹṣin, Ọba Arthur sì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ bí ẹni gẹṣin! Ehoro funfun kan ṣoṣo pa jagunjagun bí ẹni pa adìyẹ. Ìparí ńkọ́? Ọlọ́pàá òde òní ló wá kó wọn. Ẹlòmíì á bínú sí i. Èmi rín in títí.

Èkejì rọ̀ díẹ̀. Bàbá àgbà ń kàwé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, ọmọ náà sì ń ráhùn bí àwọn olólùfẹ́ inú ìwé náà bá ti fẹnu kora wọn lẹ́nu. Àwọn òṣèré rẹ̀, Cary Elwes àti Mandy Patinkin, sì kọ́ idà jíjà gan-an, tọwọ́ ọ̀tún tọwọ́ òsì.

Bí ọmọdé bá wà nílé, èkejì ni kẹ́ ẹ gbé sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀rẹ́ nìkan, àgbọn ni o.