CorelDRAW, Illustrator, Affinity tàbí Inkscape: ẹ yẹ àwọn irinṣẹ́ tó fara pamọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ohun tí àwọn tó fẹ́ ra sọ́fítíwíà ìyàwòrán sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, èwo ló lágbára jù? Gbogbo wọn ló ní Pen, gbogbo wọn ló ń ya òbìrí àti onígun mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì ń kọ ọ̀rọ̀. Ẹ kò lè torí ìwọ̀nyí yan ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ tó ń dín iṣẹ́ kù lóòótọ́ kì í sí níta gbangba. Nínú CorelDRAW, Illustrator àti Affinity, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ àwọn àmì irinṣẹ́ dáadáa, ẹ ó rí onígun mẹ́ta tín-ín-tín lára àwọn kan. Ẹ tẹ àmì bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láì jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á jáde. Inkscape kì í to tirẹ̀ sẹ́yìn ara wọn. Orí ọ̀pá òkè àti inú Path Effects, àkójọ àwọn àyípadà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìlà, ló kó ọrọ̀ rẹ̀ sí.

Àwọn òbìrí tó wọnú ara wọn

Iṣẹ́ yìí kì í tán lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe lógò àti àwọn tó ń ya bátànì àdìrẹ lórí kọ̀ǹpútà: ẹ ya òbìrí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọnú ara wọn, ẹ wá fẹ́ yọ ààyè tó dà bí ewé tó wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi Weld (ìsopọ̀), Trim (ìgékúrò) àti Intersect (ibi tí àwòrán ti pàdé) ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iṣẹ́ á fi dojú rú.

Smart Fill ni ti CorelDRAW, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ẹ̀dà X3 ní 2006. Ẹ mú un, ẹ yan àwọ̀ lórí ọ̀pá òkè, kẹ́ ẹ tẹ inú ààyè yòówù tí ìlà bá yí ká. Kò sí pé ẹ ń kọ́kọ́ yan nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tẹ ìta, gbogbo àwòrán ojú ìwé ló máa kó pọ̀ di ẹyọ kan, kẹ́ ẹ yáa tẹ Ctrl+Z. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Smart Fill kì í fọwọ́ kan àwọn òbìrí ìpìlẹ̀. Ńṣe ló ń dá àwòrán tuntun lé wọn lórí. Lójú, iṣẹ́ ti parí. Àmọ́ tí fáìlì náà bá dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, ọ̀bẹ rẹ̀ á gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ìlà méjì ló wà níbẹ̀, etí sítíkà á sì ya. Ẹ máa wọ́ àwọn àwòrán tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ pa àwọn òbìrí ìpìlẹ̀ rẹ́ kí fáìlì tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Shape Builder ti Illustrator, Shift+M, tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà CS5 ní 2010, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan gbogbo òbìrí náà; tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ gbàgbé nìyẹn. Ẹ wọ́ ọ gba inú àwọn ààyè tẹ́ ẹ fẹ́ so pọ̀, kẹ́ ẹ di Alt mú fún èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yọ dànù. Àwọn òbìrí náà gan-an ló ń yí padà, torí náà ìlà méjì kì í gun ara wọn. Tí ìlà yín kò bá pàdé dáadáa, ẹ tẹ àmì irinṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tan Gap Detection: Small ń fojú fo àlàfo 3 pt, Medium 6 pt, Large 12 pt.

Bí a bá ní kó parí síbẹ̀, Illustrator ló borí. Àmọ́ Affinity náà ti ní Shape Builder láti V2 ní 2022, Alt náà ni wọ́n fi ń yọ nǹkan níbẹ̀. Inkscape gba tirẹ̀ ní ẹ̀dà 1.3 lóṣù keje 2023, Shift ni tibẹ̀ fi ń yọ. Tẹ́ ẹ bá ń lo Inkscape àtijọ́ tẹ́ ẹ ń wá a tì, ẹ gba tuntun, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ torí Shape Builder nìkan lẹ ṣe fẹ́ máa sanwó Illustrator lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò.

Ẹ ṣọ́ra fún Paint Bucket ti Inkscape o. Ohun tó hàn lójú ṣíríìnì ló ń wò, kì í ṣe ìlà fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lò ó nígbà tí àwòrán kéré lójú, etí àwọ̀ náà á rí págunpàgun, ìlà funfun tín-ín-rín á sì ṣẹ́ kù létí rẹ̀. Ẹ sún àwòrán mọ́ ojú dáadáa, kẹ́ ẹ fi Grow lórí ọ̀pá òkè fẹ àwọ̀ náà díẹ̀ wọ abẹ́ ìlà.

Irinṣẹ́ kan tí CorelDRAW fi ta wọ́n yọ

Virtual Segment Delete wà lẹ́yìn Crop. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ tẹ ìlà níbi tó ti kọjá ìlà mìíràn, ìwọ̀nba tó wà láàárín ìkóríta méjì nìkan ló máa kúrò. Ẹ lè wọ́ àpótí yí ọ̀pọ̀ ká kí gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó ń ya wáyà, géètì onírin tàbí pátákó ilé, irinṣẹ́ yìí tó nǹkan téèyàn ń torí rẹ̀ ra CorelDRAW. Kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì sọ di curves (ìlà àwòrán, tí kì í ṣe lẹ́tà mọ́), kì í ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò tàbí òjìji. Ohun tó sì ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ó ni pé àwọ̀ inú àwòrán lè pòórá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gé e. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Ìlà náà ti ṣí sílẹ̀ ni, CorelDRAW kì í sì í sábà kun ìlà tó ṣí. Ẹ fi Join Curves pa á dé, àwọ̀ á padà.

Ìlà tó ń nípọn, tó sì ń tínrín

Illustrator ní Width Tool, Shift+W, láti CS5 bákan náà. Ẹ mú un lé ìlà, kẹ́ ẹ fà á síta, ibẹ̀ á sanra. Alt máa jẹ́ kó sanra lápá kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá tẹ ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè kọ iye rẹ̀ gan-an sí i. Ẹ rántí Expand Appearance, tó ń sọ ìrísí ìlà náà di àwòrán gidi, kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì náà lọ sínú sọ́fítíwíà mìíràn. Affinity fi tirẹ̀ sínú Pressure nísàlẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì Stroke, níbi tí ojú ọ̀pọ̀ kì í dé. Artistic Media ni ti CorelDRAW àtijọ́, kò sì rọ ọwọ́ tó ti Illustrator; àwọn ẹ̀dà tuntun ti ní Variable Outline.

Ibi tí mo ti ń gbóríyìn fún Inkscape jù nìyí. Yàtọ̀ sí Power Stroke inú Path Effects, tó ń mú ìlà nípọn tàbí tínrín, ó ní Calligraphy, bọ́tìnì C. Angle ń pinnu bí ẹnu kálàmù ṣe dagun, Mass ń mú kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n rọ̀ wọ́ọ́, Tremor ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yan ìlà kan, kẹ́ ẹ di Ctrl mú bẹ́ ẹ ṣe ń ya òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà tuntun á máa tọ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, bí ìlà wẹ́wẹ́ ara owó bébà. Inkscape kan náà ló ní Tweak, bọ́tìnì W, tó ń tì, tó ń yí, tó sì ń tú ọ̀pọ̀ àwòrán kéékèèké ká lẹ́ẹ̀kan náà, kìkì pé kẹ́ ẹ ti yàn wọ́n. Bátànì tó bá gún jù á wá dà bíi pé ọwọ́ ló yà á.

Fún ẹni tó ń fi pẹ́ẹ̀nì àti tábúlẹ́ẹ̀tì yàwòrán

LiveSketch ti CorelDRAW, láti 2017, ń kó àwọn ìlà jákujàku tẹ́ ẹ yà lé ara wọn pọ̀ di ìlà kan tó dán. Timer rẹ̀, ìyẹn àkókò tó fi ń dúró kó tó so ìlà pọ̀, ń lọ láti 0 dé ìṣẹ́jú àáyá 5. Tó bá pẹ́ jù, imú àti ẹnu tẹ́ ẹ yà á wọ ara wọn. Tó bá yá jù, ìlà kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Affinity kò ní irú èyí, àmọ́ Stabiliser inú Pencil rẹ̀ ń tọ́ ọwọ́: Rope fún igun tó mú, Window fún ìlà tó rọ̀.

Owó, àti ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀wé

Inkscape jẹ́ ọ̀fẹ́. Affinity náà di ọ̀fẹ́ lóṣù kẹwàá 2025 lọ́wọ́ Canva tó ra á ní 2024, ẹ kàn nílò àkáǹtì Canva, Windows àti Mac ló sì kọ́kọ́ wà fún. Àwọn ẹ̀dà tuntun Illustrator kì í ṣe rírà mọ́ láti 2013. Ẹ ó máa sanwó ni, tẹ́ ẹ bá sì dáwọ́ dúró, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ máa fi PDF àti SVG iṣẹ́ yín pa mọ́. CorelDRAW ṣì ń tà ní àsanlẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ inú Standard àti inú Graphics Suite kò dọ́gba, ẹ wo orúkọ irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lórí àtẹ wọn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ Ṣómólú lẹ ti ń tẹ̀wé, cdr, irú fáìlì tí CorelDRAW ń ṣe, ni wọ́n mọ̀ jù. CorelDRAW àtijọ́ kì í ṣí fáìlì tuntun, torí náà ẹ yan Version tó rẹlẹ̀ nínú Save As. Illustrator kì í ka cdr tó ju ẹ̀dà 10 lọ. RGB, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú ṣíríìnì, ni Inkscape ń lò, búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú ṣíríìnì á ṣókùnkùn lórí ìwé. Ẹ gba inú Scribus, sọ́fítíwíà ìtò ojú ìwé, sọ ọ́ di CMYK, àwọ̀ yíǹkì ìtẹ̀wé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ di curves kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, Ctrl+Q nínú CorelDRAW, kẹ́ ẹ wá tún un wò bóyá àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ṣì wà níbi tó yẹ.

Corel ń fúnni ní ọjọ́ 15 láti dán an wò, Adobe ń fúnni ní 7. Ẹ kó iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi dán wọn wò jọ ná kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì ti Adobe, torí ó máa gba káàdì yín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó lẹ́yìn ọjọ́ keje tí ẹ kò bá tíì fagi lé e.