Àgbéyẹ̀wò: CNG nínú Corolla l'Ábùjá, àti họ́ọ̀sì méjì tí wọn kò so

Ọṣẹ olómi tó ń hó yàà lórí nọ́ọ̀tì kan nínú búùtù ló mú mi kọ èyí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ tí ọkọ̀ fi ń rìn dípò epo, sínú Corolla mi ni. Mo rọ gáàsì kún un nírọ̀lẹ́, géèjì ara sìlíńdà dúró sí 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ gáàsì), mo sì páàkì rẹ̀ ní Kubwa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, 90 ni géèjì wà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Bí mo ṣe ṣí búùtù, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé mi.

Prẹ́ṣọ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rọ gáàsì tán, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Bí wọ́n ṣe ń fi agbára tì í wọlé ni sìlíńdà ń gbóná. Bó bá tutù lóru, 200 lè di 170 tàbí 175. Ṣùgbọ́n 200 tó di 90, jíjò ni, kò ní orúkọ mìíràn. Fáàfù orí sìlíńdà tí wọ́n lò fún ọkọ̀ yìí, ọwọ́ ni a fi ń tì í. Èyí tó ń fi iná bátìrì tì fúnra rẹ̀ wà níwájú lára rẹ́gúlétọ̀, ohun tó ń dín prẹ́ṣọ̀ gáàsì kù kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí páìpù láti búùtù dé iwájú fi wà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ lóru mọ́jú, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ má tan iná fóònù wò ó, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù, kí ẹ yí fáàfù ọwọ́ orí sìlíńdà sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi dúró. Gáàsì yìí fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń gbà lọ, kò dà bíi gáàsì ìdáná tó máa ń sùn sílẹ̀ nínú kòtò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ní gbangba tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí bọ́tìnnì tó ń pààrọ̀ gáàsì àti epo sí epo, kí ẹ fi epo wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ilé-iṣẹ́ tó gbé gáàsì sínú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbé fóònù. Máníjà ló dáhùn: "Alhaji, gáàsì tó bá tutù, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ ni. Ẹ fọkàn balẹ̀." Mo sọ iye tó kù fún un. Mo sọ ti òórùn. Ó ní kí n lọ rọ òmíràn sí i, kí a wò ó fún ọjọ́ méjì. Kí a tún rọ gáàsì lé orí ibi tó ń jò! Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ aráàlú kò gbọdọ̀ ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu jáde.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin tó jókòó síwájú ní kí n kọ́kọ́ san ₦15,000 owó àyẹ̀wò. Mo na rìsíìtì sí i níbi tí wọ́n ti kọ wáráńtì ọdún kan. Ó kà á, ó gbé e wọlé lọ bá máníjà, ó padà wá sọ pé ohun èlò ni wáráńtì náà wà fún, kì í ṣe owó ọwọ́. Kò sí ibi kankan lórí ìwé yẹn tí wọ́n ti kọ bẹ́ẹ̀. Títí di aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ẹni tó gbé ọṣẹ wá. Ọṣẹ lásán, tí gbogbo ilé ní.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn. "Ẹ kú sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó po ọṣẹ olómi mọ́ omi nínú ike tó ń fín, ó fín in sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìkejì tó fín sí, níbi tí páìpù ti wọ fáàfù sìlíńdà, ó hó lójú ẹsẹ̀. Máníjà mú sípánà wá pé kí ó fún un sí i. Ọmọ náà kò gbà: "Ọ̀gá, prẹ́ṣọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, a kì í fún un báyìí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ló sọ: nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fún nígbà tí 90 bar wà lẹ́yìn rẹ̀ lè já, páìpù irin á sì fò jáde bí ọfà.

Ó ti fáàfù ọwọ́, ó tú gáàsì tó wà nínú páìpù dànù díẹ̀díẹ̀ ní gbangba, ó sì tú ojú ìsopọ̀ náà. Páìpù irin náà jẹ́ mílímítà 6. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ti fi ayùn gé e, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò sì tì í dé ìsàlẹ̀ ihò. Òrùka irin kékeré tó yẹ kó di páìpù mú yípo, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló dì mú. Irú rẹ̀ lè má jò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọkọ̀ bá ti gba kòtò Zuba bíi mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí fi irinṣẹ́ tó ń gé páìpù yípo gé ẹnu rẹ̀ kó gún, ó ha etí rẹ̀ mọ́, ó fi òrùka tuntun sí i, ó tì í títí kò fi lọ mọ́, ó fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì dé ibi tó le, kí ó tó fi sípánà yí i ní odindi yípo kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Iye tí wọ́n ń yí i nìyẹn. Kò fún un kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí òrùka tí wọ́n bá fún jù máa ń fọ́ páìpù sínú.

Iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní kọ ọ́ tó báyìí. Nọ́ọ̀tì lè jò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, a rí họ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ká jọ síbẹ̀. Họ́ọ̀sì wọ̀nyẹn ló yẹ kó ti inú ike tó bo fáàfù gba ihò méjì lábẹ́ búùtù jáde síta. Iṣẹ́ wọn ni pé bí ohunkóhun bá jò lára fáàfù, abẹ́ ọkọ̀ ni gáàsì yóò gbà lọ, kò ní wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó. Wọn kò lu ihò kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lórí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fún mi ní ọjọ́ tí mo gba ọkọ̀, ẹnìkan ti fàmì sí ẹ̀gbẹ́ "họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́" pé wọ́n ti ṣe é, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ ló ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ yìí lọ sí ilé-ìwé.

Nígbà tí mo fi ìwé náà àti họ́ọ̀sì náà han máníjà pọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Alhaji, àṣìṣe wa ni." Wọ́n fagi lé ₦15,000. Wọ́n lu ihò méjèèjì, wọ́n fi rọ́bà sí etí wọn, wọ́n so họ́ọ̀sì, wọ́n sì tún fín ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀ pátá, lẹ́yìn náà wọ́n rọ gáàsì kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 174. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́rin rèé, kò jò mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa, nítorí ó pọ̀. Kí wọ́n tó gba owó rárá ni wọ́n ti wọn ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì ní kí a pààrọ̀ kọ́ìlì kan tó ti rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń sín lórí epo á sín jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí gáàsì, nítorí gáàsì le láti tanná ràn. Wọ́n tú manifold, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó lu ihò mẹ́rin tí gáàsì ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lù ú níbi tó wà, èérún irin á sì bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ara nọ́ọ̀sù tó ń tú gáàsì sí ẹ́ńjìnnì dọ́gba ní gígùn. Wọ́n gbé rẹ́gúlétọ̀ sí ìsàlẹ̀ ju orí rédíétọ̀ lọ kí omi gbígbóná lè máa dé ibẹ̀ dáadáa. Gáàsì tó ń ti 200 bar bọ́ sí bíi 2 máa ń tutù gidigidi; omi ẹ́ńjìnnì ló ń gbà á lọ́wọ́ dídì. Bí omi bá dín kù, ẹ ó rí yìnyín lára rẹ́gúlétọ̀, ọkọ̀ á sì máa já. Wákàtí méjì ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà tò ó, lójú kan àti lójú títì, iná check engine kò sì tíì tàn.

Sìlíńdà wọn náà jẹ́ ojúlówó: lítà 60, irin, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ISO 11439, ìlànà àgbáyé fún sìlíńdà gáàsì ọkọ̀, tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹ ka ohun tó wà lára sìlíńdà fúnra yín kí wọ́n tó dè é mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ní ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, tàbí sìlíńdà ìdáná tí wọ́n kùn lọ́dà, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó bú gbàmù ní Benin ní October 2024, sìlíńdà tí wọ́n ti jó tí wọ́n sì ti tún ṣe ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Owó wá ńkọ́? ₦1,150,000 ni mo san. Àwọn ọkọ̀ èrò kan rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò CNG ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilé ni èyí. Ní ìparí October 2024, ₦1,060 ni lítà epo kan ní ilé epo NNPC l'Ábùjá. Kí owó ìrànwọ́ epo tó kúrò ní May 2023, kò tó ₦200. Ọkọ̀ yìí ń rin kìlómítà 110 lójúmọ́, Kubwa sí Lugbe àti àbọ̀ pẹ̀lú àwọn ìrìn àárín ìlú. Lítà 11 ló máa ń jẹ tẹ́lẹ̀, ₦11,660 ní iye ìgbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé gáàsì sí i, ó ń jẹ kúbíìkì mítà gáàsì 10 ní ₦230, iye rẹ̀ ní 2024, ìyẹn ₦2,300, àti bíi lítà epo kan fún ìtanná àárọ̀, ₦1,060. ₦8,300 ló ń kù lójúmọ́ nígbà náà. Ní iye ìgbà náà, ọjọ́ iṣẹ́ 139 ni owó tí mo san yóò fi padà. Ayọ̀ gidi ni láti rí iye yẹn nínú ìwé ìnáwó oṣù.

Kò kúkú jìnnà: gáàsì inú sìlíńdà kan ń gbé e lọ tó kìlómítà 120 láàárín ìlú. Ẹni tó ń lọ sí Kaduna tàbí Lokoja á fi epo parí ìrìn. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ ó mọ̀ pé agbára rẹ̀ dín díẹ̀.

Ìlà tí a ń tò láti rọ gáàsì ló le jù. Ibùdó gáàsì kò pọ̀ l'Ábùjá, tírélà ló sì ń gbé gáàsì wá láti ibùdó ìyá, níbi tí wọ́n ti ń fún gáàsì pọ̀, sí ibùdó ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń tà á, títí páìpù gáàsì Ajaokuta-Kaduna-Kano (AKK) tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020, kìlómítà 614 láti Ajaokuta dé Kano, yóò fi parí. Tírélà tó ti ń tán kò ní prẹ́ṣọ̀ mọ́. Ẹ lè tò fún wákàtí mẹ́ta kí ó tó kàn yín, kó sì dúró ní 120 bar. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á ìgbà tí tírélà dé kí ẹ tó wọ ìlà. Aago márùn-ún ìdájí ló dára jù: ilẹ̀ tutù, gáàsì á wọlé dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí epo inú táǹkì dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Epo ló ń mú pọ́ǹpù tutù. Ọ̀pọ̀ tó gbàgbé rẹ̀ ti jó pọ́ǹpù. Ẹ fi epo rin kìlómítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí nọ́ọ̀sù epo má baà dí. Ẹ dín àlàfo púlọ́ọ̀gì kù sí 0.7 tàbí 0.8 mílímítà. Fílítà afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ìgbà rẹ̀ tó pé bí eruku ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Sìlíńdà irin lítà 60 wúwo tó bíi kìlógíráàmù 60, ẹ wo sípírìngì ẹ̀yìn, tiwa ti rẹlẹ̀.

Ọkọ̀ kejì nínú ilé, Camry, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo máa gbé e lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ni mo sì máa ní kó fọwọ́ kàn án. Máàkì wọn: 2 nínú 5. Àmì tí ẹnìkan fà sí ìwé lórí họ́ọ̀sì tí wọn kò so ló gba mẹ́ta tó kù. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù yín sókè wò kí ẹ tó san owó tó kù.