Ìwé transfer yunifásítì ní kafé Under G: ọwọ́ wọn dáa, ìṣírò GP wọn ni kò dáa

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Èyí tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé ni ọ̀kan tó lẹ bébà mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Transfer, transcript, O'level, GP." Transfer ni kéèyàn kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíì; transcript ni àkọsílẹ̀ èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe; O'level ni èsì WAEC; GP ni ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀. Iye kan ni wọ́n ń pè fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ẹni tó fẹ́ kúrò ní LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú náà, tàbí tó ń ti ibòmíì bọ̀ síbẹ̀, kò nílò láti ra gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta tó owó tí wọ́n ń gbà. Ìkẹrin, GP, èyí tí ìbẹ̀rù èsì ìdánwò ń mú káwọn ọmọ sáré rà, ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ibi èsì WAEC ni ọwọ́ wọn ti já fáfá jù. Kí bọ̀dá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ ohunkóhun, á bi yín bóyá ilé ìwé lẹ ti ṣe é tàbí GCE, ìyẹn èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún. Tí wọ́n bá yan ti ilé ìwé fún ẹni tó ṣe GCE, èsì ò ní jáde, onítọ̀hún á sì máa rò pé wọ́n ti fagi lé tòun. Á ka nọ́ńbà ìdánwò yín sókè: dígíìtì 10 ni, 7 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ibùdó ìdánwò, 3 tó kẹ́yìn jẹ́ tiyín. Ìgbà 5 péré ni káàdì tí wọ́n fi ń wo èsì ṣeé lò, nítorí náà wọ́n á tọ́jú èsì náà sí PDF, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lójú ẹsẹ̀.

Ti JAMB, ìyẹn fọ́ọ̀mù transfer, náà dáa, bí ẹ bá lanu. Ẹ bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ti JAMB nínú ẹ̀?" Wọ́n á yí kọ̀ǹpútà sí yín kẹ́ ẹ rí iye tí wẹ́bùsáìtì JAMB fúnra rẹ̀ kọ, ìyókù ni owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò bá bèèrè, wọn kì í fi hàn án. Ímeèlì tó wà lórí profile JAMB yín ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Fọ́ọ̀mù nìkan kò sì parí ọ̀rọ̀ o. Ilé ìwé tuntun gbọ́dọ̀ gbà yín, JAMB gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá tẹ lẹ́tà ìgbaniwọlé tuntun jáde. Ẹni tó bá fo ìyẹn, ìgbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí NYSC ló máa tó mọ̀, torí orúkọ ilé ìwé àtijọ́ ni JAMB ṣì ń rí.

Ní ti transcript, kíkọ ìwé ìbéèrè àti sísan owó ni iṣẹ́ tiwọn. Ilé ìwé àtijọ́ ló máa fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwé tuntun. Èyí tó bá gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, wọn kì í kà á sí. Ẹ yẹ orúkọ yín wò dáadáa, kó bá ti WAEC mu.

Ó wá ku GP. Bébà tó nípọn ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ búlúù yíká, bí ẹni pé sátífíkéètì ni. Ẹ gbé ìṣírò inú rẹ̀ wò. Yúníìtì ni ìwúwo kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ká ní èsì sẹ̀mẹ́sítà kan rí báyìí: MTH 101, yúníìtì 3, C; PHY 101, yúníìtì 3, D; CHM 101, yúníìtì 3, B; GNS 101, yúníìtì 2, A; BIO 101, yúníìtì 3, F. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F jẹ́ òdo. Ẹ fi yúníìtì kọ̀ọ̀kan sọ máàkì rẹ̀ di púpọ̀: 9, 6, 12, 10 àti 0, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37. Yúníìtì jẹ́ 14. Ẹ pín 37 sí 14, 2.64 ló jáde. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí ń gbé 3.36 jáde. Kí ló fà á? Wọ́n fi ìlà F sílẹ̀ lófìfo, wọ́n ní òdo ò kúkú fi nǹkan kún un. Lóòótọ́, kò fi nǹkan kún òkè, àmọ́ yúníìtì 3 rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. 11 ni wọ́n fi pín 37.

Àṣìṣe kejì farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní sẹ̀mẹ́sítà kejì ní yúníìtì 20 àti máàkì 72, GP rẹ̀ jẹ́ 3.60. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣírò ti àkọ́kọ́ bó ṣe tọ́, wọ́n á ro 2.64 pọ̀ mọ́ 3.60, wọ́n á dá a sí méjì, wọ́n á pè é ní 3.12. Irọ́ ni. 109 (37 àti 72) lẹ máa pín sí 34 (14 àti 20), tí yóò fi jẹ́ 3.21. Níbí, wọ́n tiẹ̀ rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni.

Ẹni tó ti pólì wá náà, kó ṣọ́ra: 4 ni GP tó ga jù lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe 5, torí náà 3.20 pólì, upper credit ni, ìpele kejì láti òkè; 3.20 yunifásítì, second class lower ni, ìpele kẹta láti òkè. Ẹ má fi wọ́n wé ara wọn.

Bébà GP náà kò tiẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé tuntun á ṣírò tirẹ̀ látinú transcript. Ohun tó ń dá ọmọ padà sí 100 level, ìyẹn ọdún kìíní, lọ́pọ̀ ìgbà ni kọ́ọ̀sì tí kò bára mu: orúkọ tó yàtọ̀, yúníìtì tó kéré sí tiwọn. Ohun tí ẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀ ni course outline kọ̀ọ̀kan, ìwé tó to ohun tí wọ́n kọ́ yín nínú kọ́ọ̀sì, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín lù ní òǹtẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yìí kò ní irú rẹ̀, àfi kẹ́ ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò ní ilé ìwé àtijọ́.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó di ìjàkadì. Ẹ má ki fláṣì yín bọ kọ̀ǹpútà kejì láti ẹnu ọ̀nà. Fáírọ́ọ̀sì ti bà á jẹ́.