Igbó tí òjò kì í lé oníkẹ̀kẹ́: àgbéyẹ̀wò Coed y Brenin ní Wéélsì

Tí ẹ bá ń gbé ìlú Ọba, tí ẹ sì ní kẹ̀kẹ́ tó lè gun òkè, Coed y Brenin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Àríwá Wéélsì ló wà, láàárín àwọn òkè Eryri tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdonia. Tí ẹ bá ti dé ìlú Dolgellau, ẹ gba títì A470 forí lé àríwá, nǹkan bíi máìlì 8 ló kù. Ọ̀nà yẹn, kọ́nà lórí kọ́nà ni o. Ọmọ mi ọkùnrin tó máa ń fọ́nnu pé kò sí òkè tó ń dẹ́rù ba òun, títì lásán ló mú un bì kí a tó débẹ̀.

Òkúta ló mú ibẹ̀ yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ igbó tí mo ti wa kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ yìí, òjò díẹ̀, ẹrẹ̀ dé: táyà á máa yọ̀, ṣéènì á máa ké, aṣọ á sì di ohun tí ìyàwó ilé kò ní jẹ́ kó wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀. Ní Coed y Brenin, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Níbi tó bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí àgbàrá lè wọ́ ilẹ̀ lọ, ńṣe ni wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ nàró, etí rẹ̀ kọjú sókè, wọ́n wá tò wọ́n mọ́ra wọn pinpin bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá to iṣu sínú àká. Ọwọ́ ènìyàn ló tò ó. Mo bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ gidi, mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó: omi ń gba abẹ́ àwọn òkúta náà kọjá, ọ̀kan kò mì nínú wọn. Òjò kò sì wọ́n níbẹ̀ rárá, torí etí òkun kò jìnnà, àwọn òkè yẹn ló sì ń dá ìkùukùu dúró.

Ṣùgbọ́n òkúta kì í ṣe tìmùtìmù. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ṣubú. Ẹ wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ ohun tó bo orúnkún àti ìgúnpá, kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti wọ ẹ̀wù ogun.

Igbó tí wọ́n gbìn láti máa gé pákó ni. Ọdún 1935 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, tó túmọ̀ sí Igbó Ọba, láti fi yẹ́ ọba George Karùn-ún sí nígbà tó pé ọdún 25 lórí oyè. Ní bíi 1990 sí 1999 ni ti kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́: Dafydd Davis ló ṣáájú àwọn tó la àwọn ọ̀nà náà, kò sì sí ibòmíràn ní gbogbo Bìrìtéènì nígbà náà tí wọ́n ti dìídì la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ òkè. Àwọn igbó tó kù, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe le tó. Àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú wá ni ti àwọn ọ̀gá. Àwọn òpó kéékèèké tí wọ́n kun ní àwọ̀ yẹn ni ẹ ó máa tẹ̀ lé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a bá ti rí búlúù, a ó ní ti ọmọdé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo MinorTaur. Búlúù ni, nínú gbogbo ohun tó sì wà nínú igbó yẹn, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó pín sí apá apá tó ń yí padà wá síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tó bá rẹ̀ yín, ẹ ó kàn yà kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe sí kọ́nà rẹ̀ ló ń pa mí lérìn-ín. Wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ kọ́nà sókè, ó ga ju ìdí táyà lọ dáadáa, débi pé tí ẹ bá ti dagbára wọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò yí, yóò sì tún jù yín sí kọ́nà tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mi ti ṣáájú, mo kàn ń gbóhùn rẹ̀ láàárín igi: "Dádì, ẹ fi bíréèkì sílẹ̀! Ẹ má wo ilẹ̀, iwájú ni kí ẹ wò!" Òótọ́ ló sì ń sọ. Ibi tí ojú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹ tẹjú mọ́ òkúta, òkúta yẹn náà lẹ ó gbà. Wọ́n sì la ọ̀nà yìí fẹ̀ débi pé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lè gbà á. Mo rí ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ tó kọjá lára wa fìà. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Nínú àwọn pupa, Temtiwr kúrú, ó dára fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara òun gbà á. Cyflym Coch náà kò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ní adùn. Dragon's Back ni àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù, nǹkan bíi kìlómítà 31. Èrò tèmi ni pé ó gùn ju adùn rẹ̀ lọ. Ibi tó ti sọ̀kalẹ̀ dùn, n kò ní parọ́: gbòǹgbò, òkúta, òkùnkùn abẹ́ igi, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ lójijì. Àmọ́ kí ẹ tó jẹ adùn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó ti fi ọ̀pọ̀ àkókò wa kẹ̀kẹ́ gòkè lórí ọ̀nà gbàràmù tí ọkọ̀ agégi ń gbà. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá wa lọ. Ní ìdajì òkè kan mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

"Kò sí o, àbúrò. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ní ó rẹ òun."

Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tirẹ̀ ni Dragon's Back. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà á, kó lo ìdajì ọjọ́ kan fún un, kó má sì bá ẹnikẹ́ni díje.

Lára àwọn dúdú ni Tarw, tó tó bíi kìlómítà 20, àti Beast of Brenin, tó tó 38. Tí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn bóyá ẹ lè gùn ún, ẹ kò tíì lè gùn ún nìyẹn.

Fún ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké, Yr Afon ni ọ̀nà wọn. Àwọ̀ ewé ni, ó gba etí odò lọ sápá ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, Rhaeadr Mawddach àti Pistyll Cain, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà nígbà kan. Ìyàwó mi tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gbádùn ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yíyá ńkọ́? Ìlú mìíràn ni mo ti yá tèmi wá nígbà àkọ́kọ́, n kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. A kò tíì jìnnà tí bíréèkì ẹ̀yìn fi ń wọlé títí dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láìdi nǹkan kan mú. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ fún bíréèkì méjèèjì le, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú, ẹ wò ó bóyá táyà yóò yí. Ẹ tún tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú wò, kó wọlé kó sì padà sókè. Ẹ mú túùbù méjì dání pẹ̀lú pọ́ǹpù, torí àwọn òkúta tí mo ń yìn yìí máa ń bẹ́ táyà, kò sì sí fọganáísà lábẹ́ igi níbẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ọ̀nà náà, owó ìgbọ́kọ̀sí nìkan lẹ ó san. Nígbà míì wọ́n máa ń dí apá kan nítorí igi tí wọ́n ń gé. Ẹ gbọ́ràn sí pátákó yẹn lẹ́nu, igi páìnì tó bá ń wó kì í ké àgò. Ní ti oúnjẹ, ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Natural Resources Wales, àjọ tó ń bójú tó igbó náà, dáwọ́ títa oúnjẹ àti ọjà dúró ní ibùdó àlejò ibẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ dání láti ilé, tàbí kí ẹ rajà ní Dolgellau kí ẹ tó wọlé. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a gbé lọ kò tó wa jẹ, torí ẹ̀gbọ́n tí kẹ̀kẹ́ wọn rẹ̀ yẹn ló jẹ ìdajì rẹ̀. Fóònù mi kì í rí nẹ́tíwọ́kì tí a bá ti wọ àfonífojì, nítorí náà ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó jáde fún ẹnì kan kí ẹ tó gorí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì sọ àwọ̀ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà fún un.