Síkánà kan àti gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tó ń yọ̀: àgbéyẹ̀wò mi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Píkọ́ọ̀pù ọdún 2004 ni mò ń wà, gíà ọ̀tọ̀mátíìkì onípele mẹ́rin, ó sì ti rin ju 300,000 kìlómítà lọ. Àìsàn tó ṣe é rèé. Bí mo bá ti wà á lójú títì gbọọrọ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, màá kàn rí i tí ọwọ́ aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan sún láti 1,900 sí 2,200. N kò tẹ iná kún un, eré ọkọ̀ ò sì yí padà. Ká tó wí, ká tó fọ̀, iná ẹ́ńjìnnì á tàn ní dásíbọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà lọ, bó bá fẹ́ kúrò ní gíà kìíní bọ́ sí ìkejì, á gbá mi bí ẹni pé ọkọ̀ mìíràn sọ lù mí lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́jọ́ kejì, á tún máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ wà á yí ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ọ̀gá, gíà yìí ti kú. Ká sọ ọ́ kalẹ̀." Ẹnì kejì ò tilẹ̀ wọnú ọkọ̀ kó tó ní sólẹ́nọ́ìdì ni, ìyẹn ohun oníná kékeré tó ń ṣí ọ̀nà òróró inú gíà tó sì ń dí i. Mo gba ti ẹnì kejì gbọ́ torí pé ohun tó dá lé kéré, a sì pààrọ̀ sólẹ́nọ́ìdì. Kò mú nǹkan kan yí padà. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ara mi pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíà kalẹ̀, mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó ń yọ̀ nínú ẹ̀.

Mo ti ní ẹ̀rọ kékeré aláìlókùn kan tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò abẹ́ dásíbọ́ọ̀dù tí fóònù á fi máa ka ọkọ̀. Gbogbo ohun tó bá mi sọ ò ju kóòdù àìsàn kan lọ, P0894. Nǹkan ń yọ̀ nínú gíà ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo kúkú ti mọ ìyẹn kó tó sọ. Bó bá sì tún yá, á kàn já kúrò lórí fóònù láàárín ọ̀nà. Nígbà tó sú mi ni mo ra èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: síkánà àfọwọ́dìmú tó ní ojú tirẹ̀ àti okùn, tó ń bá kọ̀ǹpútà gíà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, tó ń fi ìṣirò hàn bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, tó ń gbà á sílẹ̀, tó sì lè pàṣẹ fún àwọn ohun kan nínú gíà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀, ohun tó ń ṣe ló sì yẹ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ tó ti dàgbà, ẹ kọ́kọ́ mú kiní kan dájú kẹ́ ẹ tó rà á. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ OBD2, ìlànà tí ọkọ̀ fi ń sọ àìsàn rẹ̀ fún síkánà, di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké tuntun, ihò oníka mẹ́rìndínlógún yẹn sì wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èdè tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń sọ láti ojú ihò yẹn ò jọra. 2008 ni wọ́n tó ní kí gbogbo wọn máa sọ CAN. Àwọn tó ṣáájú ń sọ J1850 tàbí ISO 9141 tàbí òmíràn, ó sì ní àwọn síkánà olówó pọ́ọ́kú tí kì í gbọ́ wọn rárá, tàbí tó ń gbọ́ wọn gbọ́lọ gbọ̀lọ. Tèmi yìí gbọ́ ti ọkọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yára. Bí mo bá yan ìlà mẹ́wàá pé kó máa fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan, á máa fà bí ìgbín. Ìlà mẹ́rin ni mo fi í mọ sí: ìyípo ẹ́ńjìnnì, eré ọkọ̀, ooru òróró gíà, àti iye ìyípo tí tọ́ọ̀kì kọnfátà fi ń yọ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ìlà kẹrin yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà. Inú tọ́ọ̀kì kọnfátà, òróró ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún gíà, ìyẹn ni ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì fi lè dúró lórí bírékì kí ẹ́ńjìnnì má kú. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń di ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà gírígírí bí ọkọ̀ bá ti ń sáré déédéé, kí epo má baà ṣòfò, kí òróró má sì gbóná jù. Bó bá ti dì í, ó yẹ kí iye tó ń yọ̀ súnmọ́ òdo. Ní òwúrọ̀, tí òróró ò tíì ju 60°C lọ, tèmi ń kà á sí 5, sí 12, nígbà míràn 0. Nígbà tó dé 85°C ó di 60. Ní 95°C mo rí 180, mo rí 240, lẹ́yìn náà iná tàn. Mo rin ọ̀nà yẹn nígbà mẹ́ta kó tó dá mi lójú pé ooru ló ń fa ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe òkè, kì í ṣe ẹrù. (Ẹlòmíràn ni mo ní kó máa wo ojú síkánà o. Bí ẹ bá dá nìkan wà, ẹ kàn tẹ ibi tó ti ń gba nǹkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ti páàkì.)

Mo tún dán ohun kan wò tí kò gba síkánà. Lórí eré tó dúró sójú kan, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bírékì fẹ́rẹ́, kí iná bírékì kàn ṣáà tàn, kẹ́ ẹ má fà á. Kọ̀ǹpútà á tú kílọ́ọ̀ṣì kọnfátà sílẹ̀, ìyípo ẹ́ńjìnnì á sì gòkè. Tèmi gòkè pẹ̀lú nǹkan bí 350 nígbà tó tutù. Nígbà tó gbóná, díẹ̀ báyìí ló fi gòkè, torí pé kò dì mú dáadáa tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo wá fà á wá sí gíà kẹta, mo tẹ iná díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tó wúwo: ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ jọ ń gòkè pọ̀, kò sí pé ọ̀kan ń hó tí èkejì ò lọ. Kílọ́ọ̀ṣì inú gíà fúnra rẹ̀ ṣì ń dì mú nìyẹn. "Gíà ti kú" kọ́ nìyẹn.

Gbígbá tó ń gbá mi wá ńkọ́? Ohun tó tan mẹkáníìkì àkọ́kọ́ jẹ nìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èmi náà ì bá gbà fún un. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá rí i pé nǹkan ń yọ̀, ó ń bẹ̀rù pé kílọ́ọ̀ṣì á jóná, á wá gbé agbára tí òróró inú gíà fi ń ti nǹkan lọ sí òpin. Agbára yẹn ló ń mú kí gíà kejì wọlé bí ẹni fi òòlù lu nǹkan. Ààbò ni, àìsàn kọ́. Mo fi síkánà wò ó: bí kóòdù bá ti wọlé, àṣẹ agbára á fò sókè lójú mi, bí mo bá pa kóòdù rẹ́, á rọ̀, gíà á sì rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ fi ìràwọ̀ dá síkánà yìí lọ́lá, ibí yìí ni màá ti fún un ní gbogbo rẹ̀.

Ibi tí màá ti gbà á padà nìyí. Ó ní ojú ewé kan tó ń pè ní àbá àtúnṣe. Lórí P0894 àti P0741 tí síkánà yìí kà fún mi, ohun tó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé kí n pààrọ̀ sólẹ́nọ́ìdì. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀! Kóòdù kì í dárúkọ ọ̀daràn. P0700 tiẹ̀ jẹ́ ońṣẹ́ lásán, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì pé ti gíà ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. P0741 ń sọ pé kọnfátà ò dì mú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n sólẹ́nọ́ìdì lè fà á, fáàfù bọ́dì, ibi tí àwọn fáàfù òróró gíà wà, lè fà á, kílọ́ọ̀ṣì inú kọnfátà gan-an lè ti jẹ tán. Bí ó bá jẹ́ kóòdù tó ń sọ pé wáyà já tàbí pé iná ò dé ibi kan, ìyẹn yàtọ̀, ẹ lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà. Síkánà yìí mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ojú ewé àbá rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má ka ojú ewé yẹn.

Ibi tí síkánà dé tó dúró nìyẹn. Ohun tó kù, ọwọ́ àti imú ló ṣe é. Mo fa géèjì òróró gíà jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí òróró ti gbóná, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ká wọn ti ọkọ̀ mi, ẹ wo ìwé ti yín torí àwọn kan wà tí wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó wọn ọ́n, àwọn mìíràn ò sì ní géèjì rárá. Òróró pé ìwọ̀n. Pupa rẹ̀ ti ń di búráùn, kò rùn bí ohun tó jóná. Mo sọ páànù òróró abẹ́ gíà kalẹ̀: lára mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná bí àtíkè, kò sí èérún irin tó ń ta ọwọ́, kò sí ègé kílọ́ọ̀ṣì. Irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá mi lẹ́rù, gíà tó bá ti rìn jìnnà á ní in. Bó bá jẹ́ pé mo rí irin tó ń dán ni, n kì bá dúró kọ àgbéyẹ̀wò yìí, mo ti gbé e lọ fún ẹni tó máa tú u.

Lẹ́yìn ìyẹn mo yá aago ìwọn agbára òróró, èyí tí wọ́n ń yí mọ́ ihò kan lára gíà. Ní dídúró, ní Dráìfù, ní Rìfáàsì, nǹkan tó kà bá ti ìwé mu, ní tútù àti ní gbígbóná. Pọ́ńpù tó ń ti òróró yẹn ò ní ẹ̀sùn. Kí ló wá ń sọ agbára nù lójú ọ̀nà kọnfátà nìkan, nígbà tí ó bá gbóná nìkan?

Fáàfù bọ́dì ni. Álúmíníọ̀mù ni ara rẹ̀, àwọn fáàfù kéékèèké sì ń lọ ń bọ̀ nínú ihò rẹ̀ láìsinmi, pàápàá fáàfù tó ń darí òróró kọnfátà. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ihò á gbòòrò ju fáàfù lọ. Nígbà tí òróró bá ṣì tutù, ó ki, kò rí ibi gbà. Bó bá gbóná, á ṣàn, á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù jò lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tó ń retí rẹ̀. Mo tú fáàfù bọ́dì kalẹ̀ láìsọ gíà kalẹ̀, mo gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ lójú ihò láti mọ èyí tó ń jò. Gbogbo ihò yòókù dúró. Ihò fáàfù kọnfátà nìkan ni kò di afẹ́fẹ́ mú rárá. Ó fi ẹ̀rọ fẹ ihò náà sí i títí tó fi dọ́gba, ó ki fáàfù tó sanra ju ti àtijọ́ lọ bọ̀ ọ́, mo dá a padà pẹ̀lú fíltà àti òróró tuntun, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 96°C, ìlà kẹrin yẹn ò kọjá 20. Iná ẹ́ńjìnnì ò tàn mọ́.

Àwọn ẹ̀sùn kéékèèké tí mo ní sí síkánà náà: oòrùn máa ń pa ojú rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan ní ọ̀sán gangan. Okùn rẹ̀ kúrú, orúnkún mi sì máa ń kọ lù ú. Inú bátìrì ọkọ̀ ló ti ń jẹ iná, bẹ́ẹ̀ sì ni bí bátìrì bá ti rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa to kóòdù tí kò sí rúnrún. Lọ́jọ́ kan ó ka mọ́kànlá fún mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí n tó rántí pé ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí láti àná. Ẹ gba agbára sí bátìrì kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́.

Bí ọkọ̀ yín ò bá tíì ṣe nǹkan kan, tàbí tó jẹ́ pé kò gba gíà kankan mọ́ rárá, ẹ má rà á. Èkíní ò nílò rẹ̀, èkejì sì ti kọjá ohun tí ojú síkánà lè wò. Ẹni tí gíà rẹ̀ ń ṣe é lónìí tí kì í ṣe é lọ́la ni mo rò pé ó máa wúlò fún, àti ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kó sọ gíà kalẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni wọn ohunkóhun.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá fi í sí Rìfáàsì ní òwúrọ̀, ó ń gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó mú. Síkánà ní kò sí kóòdù. Mo ti lọ yá aago ìwọn agbára yẹn padà.