Fatal Fury tuntun àbí Street Fighter 6: èwo ni kó gba owó ọwọ́ yín?

Láti ìgbà tí Fatal Fury, géèmù ìjà ilé iṣẹ́ SNK, ti padà dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń gbá géèmù ní Tanke, Ìlọrin níbí ń bi mí: ṣé kí àwọn ra ìyẹn ni, àbí kí àwọn kúkú ra Street Fighter 6, géèmù ìjà ti Capcom tí gbogbo ayé ń gbá? Méjèèjì ló wà nílé mi. Orí PS4 ni mo ti ń gbá wọn, nítorí náà ẹ má retí kí n máa ròyìn ẹwà àwòrán PS5 fún yín. Àwòrán méjèèjì dára, ó parí síbẹ̀.

Kí ẹ má bàa ní mo tan yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo wà. Ọmọ ẹ̀yìn Terry Bogard, akọni Fatal Fury, ni mí. Ọdún 1999 ni Garou: Mark of the Wolves, Fatal Fury tó ṣáájú tuntun yìí, jáde, ó sì parí síbi tí Rock Howard, ọmọ tí Terry tọ́ dàgbà, ti dúró ti Kain tó jẹ́ ẹbí ìyá rẹ̀, tí Terry sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. A dúró, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. SNK àtijọ́ kógbá sílé ní 2001, kálukú sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àfi bí Fatal Fury: City of the Wolves ṣe dé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2025. Ọdún 26! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Garou jáde ti ṣe agùnbánirọ̀ tán.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: Takashi Nishiyama tó ṣe Street Fighter àkọ́kọ́ ní Capcom ní 1987 náà ló kọjá sí SNK, tó sì bí Fatal Fury síbẹ̀ ní 1991. Ọbàkan ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan jí ti èkejì wò.

Owó tó ń tẹ̀ lé owó

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibẹ̀ ni owó ti jò lọ́wọ́ mi. Géèmù ìjà ayé òde òní kì í tán lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Oníjà 18 ni Street Fighter 6 gbé wá nígbà tó jáde ní oṣù kẹfà 2023. Láti ìgbà náà, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kó dé lọ́dọọdún. Rashid, A.K.I., Ed àti Akuma ló ṣáájú, M. Bison, Terry, Mai àti Elena tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni Sagat, C. Viper, Alex àti Ingrid. Owó ọ̀tọ̀ ni ti ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rí i pé Terry wà láàárín wọn: oṣù kẹsàn-án 2024 ló wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n wá Street Fighter 6 lọ sọ́jà nígbà tí Fatal Fury ò tíì dé.

Àlòkù ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi gbé páálí náà dání, ó fi Ọlọ́run búra: “Bọ̀dá, gbogbo wọn ló wà ńbẹ̀, kò ku ẹnì kankan.” Mo délé, mo ti síídì bọ inú PS4, mo débi tí wọ́n ti ń yan oníjà, Terry ò ṣeé yàn. Síídì kì í sáà gbé ẹni tí kò tíì sí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó dáa, mo wá gift card dọ́là, mo fi àkáǹtì PlayStation mi ti Amẹ́ríkà sanwó Terry. Owó lọ, rìsíìtì dé, Terry ò dé. Síídì Yúróòpù ni ọkùnrin yẹn tà fún mi, ohun tí a bá sì rà ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kì í bá síídì Yúróòpù ṣiṣẹ́. Mo padà lọ bá a. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ àkáǹtì, síídì lòun ń tà.

Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan ò kọjá láti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo iwájú páálí nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà ọjọ́ orí tí wọ́n kọ PEGI mọ́, ti Yúróòpù ni, ti ìlú Ọba náà sì ni. Bó bá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo bíi T tàbí M, tí ESRB wà lára rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ páálí, torí náà ẹ ṣí i, kí ẹ wo ojú síídì fúnra rẹ̀: nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CUSA wà lára ti PS4, PPSA ni ti PS5. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù yín níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ máa rí agbègbè tó ti wá. Bí inú bá ń bí i, ẹ gbé síídì rẹ̀ kalẹ̀ fún un.

Fatal Fury náà ò bọ́ lọ́wọ́ òfin agbègbè yìí o. Ibi tó ti sàn jù ni pé $59.99 ni wọ́n tà á nígbà tó jáde, owó yẹn kan náà ló sì kárí oníjà márùn-ún tó dé tẹ̀ lé e lọ́dún àkọ́kọ́: Andy Bogard, Ken, Joe Higashi, Chun-Li àti Mr. Big. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yọ dé, ẹni tó ti sanwó kò sì tún wá gift card kiri. (Ken àti Chun-Li tí ẹ kà yẹn, àwọn ti Street Fighter náà ni. Àlejò dá àlejò padà.) Àlòkù nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti fi kódù gbà sórí àkáǹtì tirẹ̀ kì í padà sínú páálí mọ́.

Bó bá jẹ́ Street Fighter ni ọkàn yín fẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Years 1-2 Fighters Edition sí lára. Oṣù kẹfà 2025 ló jáde, oníjà 26 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi olóníjà 18 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ìjà fúnra rẹ̀

Nínú Street Fighter, ọ̀pá agbára mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Drive ló kún fún ọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe ń lò ó ló ń dín, tó bá tán, ọwọ́ rẹ di wúwo. Ní ti Fatal Fury, òfo ni REV, ọ̀pá agbára tirẹ̀, fi ń bẹ̀rẹ̀. Lílò ló ń mú un kún, tó bá kún tán, ó gbóná kọjá ààlà, o ò lè lò ó mọ́ títí yóò fi tutù. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn Fatal Fury máa já wọlé síra wọn láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́.

Nǹkan míì tún wà tí wọ́n ń pè ní S.P.G. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wàá yan ibi tí agbára rẹ yóò ti ru sókè lára ọ̀pá ẹ̀mí rẹ: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, tàbí ìparí. Ìparí ni àbúrò mi máa ń fi tirẹ̀ sí. Màá ti lù ú débi pé ẹ̀mí rẹ̀ kù díẹ̀, màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ara Terry rẹ̀ á ṣàdédé tàn yòò, ká tó ṣẹ́jú, ìkọlù tí wọ́n ń pè ní REV Blow ti gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, “Buster Wolf!”, ìkọlù ńlá Terry, sì tẹ̀ lé e. Ilé gbogbo á pariwo. Mi ò rí irú ẹ̀ nínú Street Fighter, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà tirẹ̀ mọ́ jù, ó sì rọrùn fún ojú láti tẹ̀ lé.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bọ́tìnnì, méjèèjì ní ọ̀nà ìrọ̀rùn fún un: Modern ni ti Street Fighter, Smart ni ti Fatal Fury.

Ìyókù

Bí ẹ bá ń dá gbá a, Street Fighter ló yege, mi ò ní purọ́. World Tour tí ẹ ó ti ṣẹ̀dá oníjà tiyín, tí ẹ ó sì máa rìn kiri Metro City, ó pọ̀ ju Episodes of South Town lọ, níbi tó jẹ́ pé ẹ kàn ń yan ojú kan lórí àwòrán ìlú, ẹ jà, ẹ yan òmíràn. Àmọ́ lórí PS4, ẹ ó dúró kí World Tour tó ṣí. Bí iná bá wá lọ láàárín rẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ìdúró yẹn látòkè.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Street Fighter 6 ti tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, ẹ ó rí ẹni bá jà àní bó jẹ́ dátà òru lẹ fi wọlé. Ní Fatal Fury, ẹ ó máa pàdé àwọn ojúlùmọ̀.

Ronaldo? Bẹ́ẹ̀ ni, Cristiano Ronaldo wà nínú Fatal Fury, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lu èèyàn lójú. Ó kọ́kọ́ ká mi lára. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn ọmọ àdúgbò fi mọ ẹnu ọ̀nà wa, àwọn kan nínú wọn sì ti ń yan Rock báyìí.

Èwo wá ni ká rà? Méjèèjì tó owó wọn. Ẹni tó ń dá gbé, tí dátà ò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì kọ̀ láti máa sanwó oníjà lọ́dọọdún, kó ra Street Fighter 6. Ẹni tó ní àbúrò, tàbí ọ̀rẹ́ tó máa ń gbé páàdì tirẹ̀ wá láti Gáà Àkànbí lálẹ́ Sátidé, tó fẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀kan fún géèmù àti oníjà ọdún àkọ́kọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kó lọ ra Fatal Fury. Bó bá sì jẹ́ torí Terry lẹ ṣe ń wo Street Fighter, ilé Terry ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn.

Street Fighter 6 tèmi wà fún títà. PEGI ló wà lára rẹ̀, oníjà 18 péré, kò sí Terry ńbẹ̀. Ẹni tó ní àkáǹtì ìlú Ọba ló máa wúlò fún.